Ilé Rẹ ní Kúbwà Ti Di Olú Ilé-Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Òṣèlú Wa

Ìdí Ẹ̀rọ Gàrí,
Ọ̀rùn Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.

Tinúọlá, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi owó gàrí rán nílé ìwé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ ńkọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá sílé ní Kérésì ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọwọ́ rẹ kò ní dilẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire ní Àbújá, wọn kò ní fo orúkọ rẹ. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Ìyanu àbúrò rẹ kí ọ. Ajá kú. Mo ti parí ìkíni, jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀, nítorí ẹnu yà mí láti oṣù tó kọjá, kò sì tíì pa dé.

O lè ní kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. Ìgbà tí mo dé ibi tó ṣe pàtàkì ni obìnrin inú fóònù yẹn já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, ó ní owó mi ti tán, ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì ìdókòwò tí mo ṣe ní Adó pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ fáìlì. Lẹ́tà yìí ti wọ fáìlì. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ náà rèé ní ṣókí: a ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, ilé rẹ ní Kúbwà sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

O mọ odò Àwẹ̀rẹ̀ lọ́nà oko wa. O mọ igi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n gbé dábùú rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Ọ̀kan ti jẹrà. Lọ́dún tó kọjá, Fúnmilọ́lá, akápò ẹgbẹ́ elégàrí wa, gun ọ̀kadà bọ̀ láti oko pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́, igi yẹ̀, odò gbé ẹ̀gẹ́, ó gbé ọ̀kadà, díẹ̀ ló kù kí ó gbé òun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Títí di òní ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún nílẹ̀ bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Mo rí i nígbà náà pé òjò mìíràn ló tún ń bọ̀ yìí. Tí afárá kò bá sí níbẹ̀ kí odò tó kún, ẹ̀gẹ́ wa yóò jẹrà sí òdìkejì, ẹ̀rọ gàrí yóò máa wò wá níran, ìyẹn sì dára ju kí ẹlòmíràn kó sódò, kí a má rí òun fà yọ.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, alága wọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí gbogbo wa ti ń dìbò fún láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó ní kí n ṣe sùúrù, afárá náà ti wà nínú ètò. Mo ní inú ètò wo. Ó ní ètò ti òkè. Mo ní odò wà nísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó mú kàlẹ́ńdà jáde fún mi. Tinúọlá, kàlẹ́ńdà! Ẹni tó wá bèèrè afárá, wọ́n fún un ní ohun tí yóò máa fi ka ọjọ́ tí kò rí i!

N kò fi àkókò ṣòfò. Mo pe ìpàdé elégàrí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ṣe ẹgbẹ́ ni? Ṣebí àwa náà la forúkọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa sílẹ̀ ní Adó, àárọ̀ la lọ, kí oòrùn tó wọ̀ a ti gba ìwé. Ẹ jẹ́ ká dá tiwa sílẹ̀, ká wọlé ìbò, ká ṣe afárá, ká padà sídìí gàrí wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí eruku fi sọ.

Ìyá Ọláyẹmí, àgbà inú wa, ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní obìnrin kì í ti ulé ọkọ kan bọ́ sí ulé ọkọ mìíràn láìdá owó orí padà. Ó ní gbogbo ohun tí a ti gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ọládipọ̀ lọ́dọọdún ìbò, kí ló fi yàtọ̀ sí ìdána? Tí a bá gbé e pamọ́ tí a lọ fẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ọmọ yòówù tí a bá bí níbẹ̀, ti Ọládipọ̀ ni. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé òótọ́ ni. Àwa yóò ṣe afárá tán, Ọládipọ̀ yóò wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Bí a ṣe kó ẹrù ìdána jọ nìyẹn. Abọ́ oníke tí orí olùdíje wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gèlè, agbòòrùn tó ti ya, ankárá ìpolongo tí ẹnì kan ti fi rán ìrọ̀rí tó sì tún tú u. Ìrẹsì àti iyọ̀ tí a ti jẹ láti ayé ọjọ́un, a ra òmíràn dípò rẹ̀. Kàlẹ́ńdà mi ni mo gbé lékè gbogbo rẹ̀. A tò lẹ́sẹẹsẹ lọ sílé Ọládipọ̀, gbogbo wa kúnlẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀ bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀, mo sì sọ fún un pé ọkọ wa àtijọ́ ni, pé kò ṣẹ̀ wá ní ẹ̀ṣẹ̀ ìjà, àmọ́ a ń lọ, kí ó gba ẹrù rẹ̀. Ẹnu Ọládipọ̀ là bí ẹnu àpò tí wọn kò rán. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó gbọ́ ọkọ wa àtijọ́, ó sáré dé, ó rí odindi elégàrí Ọ̀rùn lórí eékún níwájú ọkọ rẹ̀ tàwọn ti ẹrù. Ìgbálẹ̀ ló fi bi í pé láti ìgbà wo. Ó tó wákàtí kan kí a tó rí i pẹ̀tù sí, títí di òní kò sì tíì gbà á gbọ́ tán.

Lẹ́yìn tí a ti di òmìnira, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìsẹ̀, sí ṣọ́ọ̀bù Bísọ́lá tó ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà. Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Joshua ni, tíṣà tó fẹ̀yìn tì yẹn, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, òun la fi ṣe akọ̀wé. Bísọ́lá wá ohun tí àjọ elétò ìdìbò ń bèèrè jáde. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ẹnu ti kọ́kọ́ yà mí. Mo rò pé wọn yóò bi wá pé kí la fẹ́ ṣe fún ìlú. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé, mo ti fi rúlà fàlà sí i nídìí. Wọn kò bèèrè! Bísọ́lá kà á láti òkè délẹ̀, a kò rí ibi kankan tí a lè kọ odò Àwẹ̀rẹ̀ sí.

Orúkọ ni wọ́n bèèrè, àti àmì. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ ẹ̀yà kan, kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ ẹ̀sìn kan, kò sì gbọdọ̀ dà bí ẹni pé apá ibì kan péré ni ẹgbẹ́ wà fún. Mo ní Ẹgbẹ́ Afárá, kí wọ́n ya afárá. Joshua ní kí a ya òkè Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ wọn sẹ́yìn afárá náà, pé yóò jẹ́ kó dùn ún wò. Mo ní òkè tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún, ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sìn? Ó ní òkè lásán ni fún ẹni tí kò bọ ọ́. A pa òkè rẹ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí Joshua, ó ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n jí ilé rẹ̀ gbé.

Wọ́n wá fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, wọ́n sì kọ ọ́ pé n kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Bísọ́lá ní kí n kà á fún òun. Mo wò ó títí. Mo ní ìjọba ló ní kí n má sọ. Ó ní òun lòun ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kò sí níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni àyàfi Bísọ́lá. Ibi tí a ti ń fà á ni nọ́ńbà náà ti kú. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, ìyẹn náà kú. Nígbà tí ìkẹta dé, mo lé Bísọ́lá jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo lé Joshua tẹ̀ lé e, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ẹni tí ìjọba lè fọ̀rọ̀ pamọ́ sí lọ́wọ́ ni ìyá rẹ.

Wọ́n tún ní olú ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá. Mo ní Àbújá ṣe jẹ́? Àwẹ̀rẹ̀ kò ṣàn dé Àbújá. Bísọ́lá ní òfin ni. Mo bá rántí pé mo bímọ. Mo sọ àdírẹ́sì rẹ kíá, títí kan ti géètì aláwọ̀ ewé. Bísọ́lá bi mí pé ṣé mo ti sọ fún ọ. Mo ní ta ló ń sọ fún ilé ìdáná pé òun fẹ́ dáná? Bàbá rẹ ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, olú ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òun ni olú ilé-iṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn.

Nítorí náà, gbọ́. Wọ́n lè wá yẹ ibẹ̀ wò. Yàrá kan tí o ní yẹn tó. Gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti ògiri, ta aṣọ bò ó. Tábìlì tí o fi ń lọ aṣọ, ti alága nìyẹn. Tí wọ́n bá bèèrè ọ́fíìsì akápò, mú wọn lọ sílé ìdáná, ṣebí ibẹ̀ náà ni owó rẹ ń lọ. Má sá aṣọ síwájú ilé mọ́, àgàgà àwọn kékeré yẹn. Pátákó ẹgbẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, awakọ̀ kan náà ló kó méjèèjì. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn rẹ lọ díẹ̀. Tí lánlọ́ọ̀dù bá bínú, fi í ṣe olórí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní Kúbwà, inú rẹ̀ yóò rọ̀.

Èyí tó fẹ́ dá mi dúbúlẹ̀ kò tíì dé o. Òfin ní àwọn ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá láti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà, ó kéré tán. Mérìnlélógún! Èmi tí n kò kọjá Àkúrẹ́ rí àfi ọjọ́ tí wọ́n fi ọ́ jáde ní yunifásítì. Bísọ́lá dọ́gbọ́n pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo ní ta ló ń lọ sílé? Wọ́n kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì Adó yẹn pé kí èèyàn tó wá ọjà lọ sí òkèèrè, kí ó yẹ ìsọ̀ ara rẹ̀ wò.

Mo gbé àga sí oríta lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ti kọjá, mo bi í pé ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni. Tinúọlá, ǹjẹ́ o mọ̀ pé ọ̀nà oko wa ni gbogbo Nàìjíríà ń gbé? Jẹ́jẹ́ tó ń bá wa kọ ebè, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í sáré bó ti wù kó rí, ọmọ Kogí ni. Ẹni tó ń lẹ táyà lójú títì, Ẹ̀bọ́nyì. Àwọn tó ń ká kòkó wa ní òdìkejì, Bẹ́núé. Alálùbọ́sà, Kánò. Wẹ́dà tó ń tún ẹ̀rọ gàrí wa ṣe, tí mo ti ń pè ní ọmọ Ìbò láti ọjọ́ tó ti dé, Ákwá Íbọ́m ló ti wá! Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun kò fẹ́ já mi kulẹ̀. Mo rán ọ̀kadà lọ sí Ìsinbọ̀dé, ó gbé ọmọ Tàràbá kan bọ̀. Ìmẹ̀sí-Lásìgídí fún wa ní Kwárà àti Nàsáráwá. Nọ́ọ̀sì kan ní Ẹmùré ló jẹ́ ọmọ Bàyélsà, ó ní tí a bá fi òun ṣe agbẹnusọ, òun yóò wá. Mo fi í ṣe é lójú ẹsẹ̀. A kò tíì pé, ṣùgbọ́n a pọ̀ tó láti jókòó, mo sì pe ìpàdé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ sí abẹ́ páànù ẹ̀rọ gàrí.

Mo dìde, mo ní ohun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, afárá Àwẹ̀rẹ̀, kí òjò tó kún un. Jẹ́jẹ́ nawọ́. Ó ní òdìkejì odò ni àwọn ń gbé, nínú àbà. Orí igi jíjẹrà yẹn làwọn ń gbà láràárọ̀, òun náà làwọn ọmọ wọn ń gbà lọ sílé ìwé. Ó ní ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe àwọn bíi kí àwọn gbẹ́lẹ̀ kí àwọn sì gbé òpó kọnkéré dúró níbẹ̀. Mo ní kí ló dá yín dúró? Ó wolẹ̀. Ó ní ẹ̀yin ni.

Mo ní àwa kẹ̀? Ó ní nígbà tí àwọn gba oko lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, wọ́n fi òfin lé e: àlejò kì í gbin ohun tó ń pẹ́. Kí ó gbin ẹ̀gẹ́, kí ó gbin uṣu, kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ rọ síméńtì mọ́lẹ̀, kí ó má baà di pé ó ń fi gba ulẹ̀. Ó wá bi mí pé òpó afárá, ṣé kì í ṣe ohun tó ń pẹ́ ni?

Alálùbọ́sà tó ń jẹ obì dúró sórí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ohun tó yà mí lẹ́nu jù láyé mi nìyẹn, ó ju ti Àbújá lọ, ó ju ti nọ́ńbà lọ. Gbogbo ọdún tí àwa fi ń retí òkè, àwọn tó lè ṣe é ń retí wa, a sì jọ ń kíra lójoojúmọ́ lórí igi jíjẹrà.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣebí àwọn ni onílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní ó di ìpàdé ẹbí lẹ́yìn Àjíǹde. Mo ní òjò kì í ṣe ẹbí wa, kò ní dúró de ìpàdé. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, lórí ìdúró, níwájú gbogbo ìpínlẹ̀. Bàbá rẹ ló sọ ọ́. O mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, afárá jẹ́ ti ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀bọ́nyì tó ń lẹ táyà, iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́ nílé wọn. Wẹ́dà gé irin lára tirélà tó ti dojú dé lójú títì láti ọjọ́ tí Ìyanu ti wà ní pírámárì, ẹni tó ni ín sì ní kí a kúkú kó gbogbo rẹ̀ kúrò lójú òun. Àwọn Bẹ́núé kó yanrìn, Jẹ́jẹ́ àtàwọn ará àbà gbẹ́lẹ̀, àwa elégàrí ra síméńtì, a ń se ẹ̀bà, nọ́ọ̀sì Bàyélsà ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, ó ní iṣẹ́ agbẹnusọ lòun ń ṣe. Nígbà tí afárá parí tó sì gbẹ, Fúnmilọ́lá ni a ní kó kọ́kọ́ gbà á kọjá. Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé àárín, ó dúró, ó wo omi tó ń lọ nísàlẹ̀, ó tutọ́ sí i. Ó ní ẹ̀gẹ́ òun dà?

Ẹ̀rín yẹn ni a ń rín lọ́wọ́ tí Ọládipọ̀ fi dé. Ó mú ayàwòrán dání, ó mú aṣọ gbọọrọ tí wọ́n kọ ìkíni sí, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún afárá! Ṣé o rí i báyìí? Ìyá Ọláyẹmí dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Ó bi í pé ṣé a dá owó orí rẹ̀ padà àbí a kò dá a padà. Ọládipọ̀ ní a dá a padà. Ìyá ní ṣáájú kí a tó lóyún ọmọ yìí àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ìyá ní kí ó ká aṣọ rẹ̀, kí ó má wá máa fún ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Ìyàwó rẹ̀ tí òun náà wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ ká aṣọ náà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n wàhálà ti dé bá wa o. Bísọ́lá ránṣẹ́ pé owó ìforúkọsílẹ̀ náà, mílíọ̀nù ni, tí èèyàn bá sì san án, wọn kì í dá a padà. Owó orí gan-an ń padà! Ó tún ní ó gbọ́dọ̀ ku odindi ọdún kan kí ìbò tó dé kí a tó kó ìwé lọ. Joshua ní pẹ̀lúpẹ̀lù, kí la fẹ́ ṣèlérí fún àwọn olùdìbò nígbà tí afárá ti wà nílẹ̀? Ó ní òun kò tíì gbọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti mú ìlérí ṣẹ kí ó tó ṣe é, pé ó dà bí ohun tí kò bófin mu. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ túká nawọ́. Kò sí ọwọ́ kan, títí kan ti Joshua. Ọmọ Tàràbá ní láti ọjọ́ tí òun ti wà ní Èkìtì, ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n pe òun sí nìyẹn, òun kò sì mọ̀ pé ó máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, olú ilé-iṣẹ́ ṣì ni ọ́. Kan pátákó náà mọ́ òpó igi kan, rì í mọ́lẹ̀ níwájú géètì. Awakọ̀ kò tíì gba owó ọkọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ ni yóò ti gbà á. Kí o tún fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi fún síméńtì tó kù, mo fẹ́ kí a ṣe irin ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọdé má baà jábọ́. Má sọ fún mi pé o fẹ́ rò ó. Òjò kò rò ó.

Ó ku ohun kan. Jẹ́jẹ́ bi mí pé ilé tó wà ní Àbújá yẹn, ṣé ti òun náà ni lóòótọ́. Mo ní ti gbogbo ìgbìmọ̀ ni, ọjọ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá kí ó wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní àlejò. Ó ní ṣé òun lè gbin ohun tó ń pẹ́ síbẹ̀. Mo ní kí ó mú obì tó ti hù dání. Nítorí náà, Tinúọlá, fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

Ọlọ́run yóò fi afárá sí gbogbo odò tí o bá bá lọ́nà. Ẹni tó yẹ kó ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní máa dúró de pé kí o pe òun, ìwọ náà kò ní gbàgbé láti pè é. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alága Àpapọ̀.